Òróró Lórí Bátìrì

Ọjọ́rú, lẹ́yìn oúnjẹ alẹ́

Láti ọjọ́ Àìkú ni iná sólà wa ti ń ṣẹ́jú, pàápàá tí fíríìjì bá gbéra. Mo ní eruku Mafoluku ló bo páńẹ́lì. Mo gun òrùlé, mo nù ún, pàbó ló já sí.

Nírọ̀lẹ́ yìí ni mo gbóòórùn ike tó ń jóná láti yàrá Màámi. Ẹ̀gbẹ́ ibùsùn wọn ni bátìrì wà! Mo fi fóònù pe Ràsákì tó bá wa so sólà.

“Ẹ pa ínfátà kíá! Ẹ má tíì fọwọ́ kan wáyà o!”

Mo pa á, mo tan tọ́ọ̀ṣì. Nọ́ọ̀tì tó di wáyà mú lórí bátìrì ti dẹ̀, ike wáyà ti yọ́, òróró sì ń dán yí i ká.

“Màámi, ta ló tú nọ́ọ̀tì yìí?”

“Èmi ni, lọ́jọ́ Àìkú. Sípánà tí Ràsákì gbàgbé ni mo fi tú u. Ṣé a máa ń lo nǹkan tuntun láì ta òróró àdúrà sí i ni? Mo fẹ́ kí òróró náà kan orí bátìrì gan-an.”

Ká ní mo pẹ́ níbi iṣẹ́ ni… Ọlọ́run má jẹ̀ẹ́.

Ràsákì wá, ó pààrọ̀ wáyà, ó dé nọ́ọ̀tì pinpin. Iná dúró. Màámi mirí.

“Ṣé ẹ rí i? Ọpẹ́lọpẹ́ òróró yẹn, ilé ì bá ti jó.”

Ràsákì wò mí. Èmi wo ilẹ̀.

Ta ló fẹ́ gba ìgò òróró lọ́wọ́ wọn? Sípánà ni mo gbé pamọ́.