Ọjọ́ Tí Mo Lọ Wọn Ọmọ Rẹ

Ọmọ mi, ìyá ìkókó,

Mo kí ọ, mo kí ọkọ rẹ, mo sì kí ọ̀gá kékeré tó ń pàṣẹ fún ẹ̀yin méjèèjì. Kí Ọlọ́run tó fún yín má gbà á padà. Àdúrà tí mo mọ̀ ọ́n gbà jù nìyẹn, mi ò sì ní í sọ ọ́ lẹ́ẹ̀mejì. Ara mi le. Ẹ̀yìn ń dùn mí díẹ̀, òrùlé sì ń jò, ṣùgbọ́n apá ibi tí mi ò kì í sùn ló ti ń jò, nítorí náà kò kàn mí. Ìyá télọ̀ tó wà níwájú ilé wa ló ń bá mi kọ lẹ́tà yìí. Mo ti ní kó kọ ọ́ bí mo ṣe ń sọ ọ́, kó má fi tiẹ̀ kún un, kó sì yé rẹ́rìn-ín.

Lọ́jọ́ Ajé tó kọjá, o pè sórí fóònù ìyá télọ̀, o ń sunkún. O ní ọmọ ń sín, ó ń ṣe òsúkè, ó ń pọ ọmú, tó bá sì sùn, èémí rẹ̀ á dúró díẹ̀ kó tó tún bẹ̀rẹ̀. O ní funfun ojú rẹ̀ pàápàá ti ń pọ́n bíi pupa inú ẹyin. O wá bi mí pé kí ni màmá máa ń ṣe tó bá rí báyìí. Mo ní kí o jẹ́ kó di ọ̀la. Mi ò mọ ohun tí ìyá rẹ máa ń ṣe ni. Káfíńtà ni mí. Ká ní ilẹ̀kùn ló ń dún ni, ǹ bá ti dá ọ lóhùn lójú ẹsẹ̀.

Bí ilẹ̀ ọjọ́ kejì ṣe mọ́, mo yá fóònù náà, nítorí orí rẹ̀ ni o fi àwòrán ọmọ ránṣẹ́ sí, mo sì gba ilé ìwòsàn àwọn abiyamọ lọ. Bẹ́ǹṣì gígùn mẹ́rin ló wà níbẹ̀, ẹsẹ̀ ọ̀kan ń mì, ẹni tó kàn án kò mọṣẹ́. Wọ́n fún mi ní páálí tí wọ́n kọ nọ́ńbà sí, mo jókòó láàárín àwọn abiyamọ. Ọ̀kan nínú wọn bi mí pé ọjọ́ mélòó ni ti èmi, mo ní ọjọ́ mọ́kànlá. Ó ní mo kú ewu ọmọ. Mo ní ó ṣeun.

Nígbà tó kàn mí, nọ́ọ̀sì ní kí n gbé ọmọ sórí ìwọ̀n. Mo tan fóònù, mo wá àwòrán náà, mo rọra tẹ́ ẹ síbẹ̀, mo kọjú rẹ̀ sókè. Nọ́ọ̀sì wò mí, ó ní Bàbá, fóònù lèyí. Mo ní mo mọ̀, orí mi kò dàrú, ṣùgbọ́n ọmọ ló wà nínú rẹ̀. Kó wọn fóònù nígbà tí iná rẹ̀ bá kú, kó tún wọ̀n ọ́n nígbà tí ọmọ bá wà lójú rẹ̀, kó yọ kékeré kúrò nínú ńlá. Àwọn abiyamọ rẹ́rìn-ín débi pé àwọn ọmọ wọn jí, gbogbo wọn sì figbe ta lẹ́ẹ̀kan náà.

Nígbà tí nọ́ọ̀sì nu ojú tán, ó ní kí n rò ó fún òun. Ó ní sísín kì í ṣe àìsàn, ọmọ ń gbálẹ̀ ihò imú rẹ̀ ni. Òsúkè á lọ fúnra rẹ̀, má fún un lómi, ọmú nìkan títí oṣù mẹ́fà. Kó máa fẹ̀yìn lélẹ̀ sùn. Kí èémí dúró díẹ̀ kò burú, àfi tó bá pẹ́ tàbí tí ètè rẹ̀ bá dúdú, kí o sáré lọ sí ọsibítù nígbà náà. Àmọ́ bí mo ṣe dé orí ojú tó pọ́n, ẹ̀rín tán lẹ́nu rẹ̀. Ó gba fóònù lọ́wọ́ mi, ó pè ọ́ níbẹ̀, ó ní kí o gbé e lọ sí ọsibítù lọ́jọ́ náà, kí o má fi di ọ̀la.

Títí di ìrọ̀lẹ́ tí o tún pè, mi ò jẹun. Mo ń fá pákó kan títí ó fi tán. O wá ní wọ́n ti yẹ ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ wò, dókítà ní ọ̀pọ̀ ọmọ tuntun lojú wọn máa ń pọ́n bẹ́ẹ̀, tiẹ̀ sì ti ń lọ, kí o ṣáà máa fún un lọ́mú dáadáa. Inú mi dùn débi pé mo lọ kí aládùúgbò tí a ti ń bá ara wa yan odì láti ọdún méjì sẹ́yìn. Ẹ̀rù ba ọkùnrin náà.

Ohun kan wà tí mi ò lè sọ lórí fóònù, nítorí gbogbo ṣọ́ọ̀bù ìyá télọ̀ á gbọ́. Ọmọ méjì ló ṣáájú rẹ, èmi ni mo kan pósí wọn. Nígbà tí ìyá rẹ bí ọ, mi ò gbé ọ títí o fi rìn. Ó rò pé ọkùnrin ni mo fẹ́, ó sì kú pẹ̀lú èrò náà. Kò rí bẹ́ẹ̀. Ẹ̀rù ló ń bà mí. Ìyá télọ̀ ti yé rẹ́rìn-ín báyìí.

Ṣùgbọ́n kí n tó kúrò nílé ìwòsàn, nọ́ọ̀sì gbé ọmọ ẹlòmíràn lé mi léjìká, ó ní kí n máa gbá a lẹ́yìn jẹ́jẹ́. Ọmọ náà gùfẹ̀ bí àgbàlagbà, ó sì pọ ọmú sí mi lára. Mi ò tíì fọ ẹ̀wù náà.

Nítorí náà, owó ọkọ̀ ni mo fẹ́, kí n wá gbé ọmọ rẹ. Má fi sí báńkì, wọ́n ní àfi kí n ki ìka bọ ẹ̀rọ kí wọ́n tó dá mi mọ̀, káfíńtà tí ayùn ti gé ìka kan kò sì ní í ki ìyókù bọ ẹ̀rọ. Fi rán awakọ̀ tó ń ná ọ̀nà ibí. Owó àlọ nìkan ni kí o fi ránṣẹ́. Ti àbọ̀, ẹ má ṣèyọnu, ọjọ́ tí ọmọ náà bá fẹnu ara rẹ̀ ní kí n máa lọ, màá lọ.

Ọmọ rẹ á dàgbà. Á ga jù ọ́ lọ, á sì pẹ́ kó tó lé mi lọ.

Èmi ni,
Bàbá rẹ.