Ìpara Tuntun fún Irun Àbẹ̀kẹ́

Ọjọ́ Àìkú, ìrọ̀lẹ́

Ó ti rẹ̀ mí. Ṣùkú ni ilé ìwé Àbẹ̀kẹ́ ní kí àwọn ọmọ dì wá lọ́la, irun ọmọ mi sì ki, ó máa ń lọ́ mọ́ra. Ìpara tí mo rà lọ́sẹ̀ tó kọjá ti tún gbẹ mọ́ ọn lórí.

Ìyá ọkọ mi jókòó tì wá. "Ìyàwó mi, ṣebí mo ní kí o lọ ra òrí ní Sábó?"

Mo rò ó lọ́kàn mi: Ṣé kí ọmọ máa rùn bí òrí ní kíláàsì ni?

Bí mo ṣe ṣí ike ìpara mìíràn, Àbẹ̀kẹ́ di ọwọ́ mi mú. "Mọ́mì, ṣé irun mi ń ṣàìsàn ni?"

Mo ní rárá o. Ó wo gbogbo ike tó wà nílẹ̀, kò gbà mí gbọ́.