Orúkọ Ẹni Tó Tọ́ni Dàgbà

Èmi, Nathaniel Oyèkànmí Bámgbóyè, ẹni ọdún mẹ́tàdínláàádọ́rin, tí mo ń gbé ní Lawrenceville ní ìpínlẹ̀ Georgia, tí mo ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ ẹ̀rọ tó ń bá aláìsàn mí nílé ìwòsàn, mo sọ ọ́ ní gbangba pé orí mi pé, pé ojú mi ríran bí mo bá wọ gíláàsì, àti pé ẹnikẹ́ni kò fi tipá mú mi kọ ìwé yìí. Ọkàn mi ni kò ṣiṣẹ́ dáadáa mọ́, dókítà sì ti sọ bẹ́ẹ̀ fún mi láìfepo bọyọ̀. Mo fagi lé ìwé ìhágún tí mo kọ nígbà tí èmi àti Rẹ̀mílẹ́kún, ìyá Joanna, ṣì ń gbé pọ̀.

Mo yan Lọ́yà Ọlágúnjú, tí ọ́fíìsì rẹ̀ kò jìnnà sí kóòtù Lawrenceville, láti ṣe alámòójútó. Ó ti bẹ̀ mí lẹ́ẹ̀mejì pé kí n jẹ́ kí ìwé náà kúrú, pé ibi ìtàn ìgbésí ayé kọ́ nìyí. Lọ́yà, mo ti gbọ́. Ẹ ṣáà fara dà á.

Joanna, ọmọ mi kan ṣoṣo, ìwọ ni mò ń bá sọ̀rọ̀. Ohun kan wà tí mo gbọ́dọ̀ sọ fún ọ kí o tó bímọ lóṣù tó ń bọ̀. Ẹ̀ẹ̀mẹ́ta ni mo ti gbé fóònù láti sọ ọ́, ẹ̀ẹ̀mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ni mo sì bi ọ́ bóyá òjò rọ̀ ní Smyrna tí ò ń gbé. Bí o bá rí i pé mò ń yí po nínú àwọn ìpín àkọ́kọ́, má bínú. Ẹ̀rù ló ń bà mí.

ÌPÍN KÌÍNÍ. Ilé mi ní Lawrenceville, oníyàrá mẹ́rin, pẹ̀lú gbogbo ohun tó wà nínú rẹ̀, mo fi fún Joanna.

Mẹ́ta nínú àwọn yàrá náà ni n kì í wọ̀, àfi bí mo bá fẹ́ gbálẹ̀. Àga mẹ́fà ló wà nídìí tábìlì oúnjẹ. Ọ̀sọ̀ọ̀sẹ̀ ni mo máa ń pààrọ̀ èyí tí mò ń jókòó lé, kí wọ́n lè gbó bákan náà. Bí o bá fẹ́ ta ilé náà, tà á. N kò ní kí o wá gbé inú rẹ̀.

ÌPÍN KEJÌ. Mọ́tò Camry mi ni mo fi fún Ifábùnmi, aládùúgbò mi, tó ń wa bọ́ọ̀sì àwọn ọmọ iléèwé.

Ọmọ Amẹ́ríkà aláwọ̀ dúdú ni, olórìṣà ni, òun fúnra rẹ̀ ló sì yan orúkọ tó ń jẹ́. Láràárọ̀ ló ń kan ilẹ̀kùn mi kó lè mọ̀ bóyá mo jí. Ohùn rẹ̀ a máa yẹ̀ bó bá ń kí mi ní Yorùbá, ṣùgbọ́n ìkúnlẹ̀ rẹ̀ kì í yẹ̀. Ó sọ fún mi nígbà kan pé òun ti ju orúkọ ìdílé òun nù, nítorí pé ti ẹni tó ra àwọn baba ńlá òun lẹ́rú ni. Ó wá bi mí pé kí ló dé tí èmi tí mo ní orúkọ bàbá tèmi fi ń sáré lé orúkọ òyìnbó.

ÌPÍN KẸTA. Àwọn adìẹ mi mẹ́ta, pẹ̀lú ilé wọn tó wà lẹ́yìnkùlé, mo fi fún Ifábùnmi kan náà, kí ó máa kó ẹyin wọn. Ẹyin wọn nìkan ni mo wí o. N kò sọ pé yóò fi wọ́n ṣe nǹkan mìíràn, mo kàn ń wí tèmi ni.

ÌPÍN KẸRIN. Àpótí páálí mẹ́ta wà nínú gáréèjì mi, tí káàdì ẹgbẹ̀ta ó lé mẹ́rìnlá tí mo kọ orúkọ ènìyàn sí wà nínú wọn. Orúkọ ìdílé kan náà ló wà lórí gbogbo wọn: Thurkettle. Kí Lọ́yà kó wọn ránṣẹ́ sí àwọn tó ń tọ́jú ìwé ìtàn ìdílé ní ìlú Norwich, ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Bí wọn kò bá gbà wọ́n, kí ó dáná sun wọ́n.

Joanna, o máa ń sọ pé mo fẹ́ràn káàdì wọ̀nyí jù ọ́ lọ. Ó yẹ kí o mọ ohun tí mò ń wá nínú wọn.

Lọ́ńdọ̀nù ni wọ́n bí mi sí. Bàbá mi ń kẹ́kọ̀ọ́ òfin, ìyá mi ń ránṣọ ní ilé iṣẹ́ aṣọ, wọn kò sì rẹ́ni bá wọn gbọ́mọ. Wọ́n ṣe ohun tí ọ̀pọ̀ Yorùbá tó wá kàwé ń ṣe nígbà náà, wọ́n gbé mi fún òyìnbó tọ́. Ọmọ oṣù mẹ́wàá ni mí nígbà tí wọ́n gbé mi lọ fún opó kan ní abúlé kan ní Norfolk, lápá ìlà-oòrùn ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Nana ni mò ń pè é. Màmá Òyìnbó ni àwọn òbí mi ń pè é. Níléèwé abúlé náà, Nathaniel Thurkettle ni tíṣà ń pè mí. Nana ló kọ́ mi ní àdúrà, òun ló sì kọ́ mi bí a ṣe ń tọwọ́ bọ abẹ́ adìẹ mú ẹyin tí kò fi ní bínú.

Ní Sátidé kan lọ́dún 1964, tí mo pé ọmọ ọdún mẹ́fà, bàbá mi dé. Nana ti lọ to òdòdó sí ṣọ́ọ̀ṣì fún ìsìn ọjọ́ kejì. Bàbá mi ní kí n wọ bàtà. Ibi tí mo tún la ojú sí, Ìbàdàn ni. N kò dágbére fún Nana. Mo sunkún fún oṣù mẹ́ta, n kò gbọ́ Yorùbá, àwọn ará ilé kò sì gbọ́ ohun tí mò ń sọ. Bàbá mi wá pè mí lọ́jọ́ kan, ó ní kí n dákẹ́, pé Nana ti kú.

Nígbà tí mo dàgbà, mo fẹ́ mọ ibi tí wọ́n sin ín sí. Ìgbà náà ló tó yé mi pé n kò mọ orúkọ rẹ̀. Àwa kì í pe àgbà lórúkọ. Nínú gbogbo ilé wa, kò sẹ́ni tó pe obìnrin náà lórúkọ rí, kò sì sẹ́ni tó kọ ọ́ síbì kan. Mo bi bàbá mi lórí ibùsùn tó kú sí, ó ní Madam ni òun ń pè é, pé bọ́ọ̀sì Norwich lòun máa ń wọ̀, òun ò rántí ibi tí òun ti ń sọ̀. Orúkọ ìdílé tí mo jẹ́ níléèwé nìkan ló kù lọ́wọ́ mi. Wọ́n ní ilé là ń wò kí a tó sọ ọmọ lórúkọ. Èmi ní tèmi, orúkọ ni mò ń wò kí n lè rí ilé.

Orúkọ náà kì í ṣe ti Gẹ̀ẹ́sì láti ìpilẹ̀ṣẹ̀. Àwọn ará Denmark ló gbé e wọ̀lú, àwọn jagunjagun tó wọ ọkọ̀ ojú omi wá ní ohun tó lé ní ẹgbẹ̀rún ọdún sẹ́yìn, tí wọ́n jà títí, tí wọ́n wá pín ilẹ̀ ìlà-oòrùn náà láàárín ara wọn, tí wọ́n sì dáko síbẹ̀. Thor ni òrìṣà àrá wọn. Ìkòkò ńlá ni ketill ní èdè wọn. Èmi tí mo jẹ́ díákónì fún ogún ọdún, ìkòkò Ṣàngó ilẹ̀ Denmark ni orúkọ tí wọ́n fi kọ mí síwèé! Nígbà tí mo sọ ọ́ fún Ifábùnmi, ó rẹ́rìn-ín títí ó fi jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀.

Orúkọ ènìyàn kan ṣoṣo ni, kó tó di orúkọ ìdílé. Ó wà nínú ìwé ńlá tí ọba ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì fi ka ilẹ̀ lọ́dún 1086. Lápá àríwá, ní Yorkshire, wọ́n gé e kúrú, ó di Thirkell. Ní Norfolk àti Suffolk wọ́n ń pè é tán, ibẹ̀ náà ló sì dúró sí. Àwọn tó ń jẹ́ ẹ gbàgbé èdè wọn, wọ́n gbàgbé òrìṣà wọn, wọ́n di Gẹ̀ẹ́sì pátápátá. Bí ewé bá pẹ́ lára ọṣẹ, á di ọṣẹ.

Ọdún mọ́kànlá ni mo fi ka ìwé tẹlifóònù àtijọ́, ìwé ìkànìyàn àti ìwé ìsìnkú ṣọ́ọ̀ṣì lórí kọ̀ǹpútà. Nínú káàdì tèmi, Norfolk kó ju ìdajì lọ, Suffolk tẹ̀ lé e, àwọn kan bá iṣẹ́ lọ sí Lọ́ńdọ̀nù, ẹni mẹ́rin wà ní Scotland, n kò sì rí ẹyọ kan ní Wales. Mo kọ́kọ́ rò pé ó dára bí wọ́n ṣe kóra jọ sójú kan. Kò dára. Àwọn opó tó ń jẹ́ Thurkettle ní Norfolk nìkan, mọ́kànlélọ́gbọ̀n ni mo rí. Mo wá ń kọ lẹ́tà sí àwọn ẹbí wọn. Ọ̀pọ̀ ni kò fèsì. Obìnrin kan kọ̀wé pé òun yóò fi ọlọ́pàá mú mi. Ọmọ Nàìjíríà tó ń béèrè orúkọ òkú, kí ni kí wọ́n rò?

ÌPÍN KARÙN-ÚN. Lẹ́tà kan wà nínú Bíbélì mi. Mo fi fún Joanna.

Àgbẹ̀ arúgbó kan ló kọ ọ́ lọ́dún 2022, ọmọ ẹ̀gbọ́n ọkọ Nana. Ó ní òun rántí ọmọ dúdú tó máa ń bá adìẹ sọ̀rọ̀. Ó ní Winifred Mary Thurkettle ni orúkọ Nana. Mo ka orúkọ náà sókè lẹ́ẹ̀mẹ́wàá nínú ilé yìí, kò sẹ́ni tó gbọ́ ọ.

Ọdún 1981 ló kú, Joanna. Ó lo ọdún mẹ́tàdínlógún láyé lẹ́yìn tí bàbá mi ní ó ti kú. Àgbẹ̀ náà ní gbogbo Sátidé ni ó máa ń lọ dúró de bọ́ọ̀sì tó ń bọ̀ láti Norwich, títí ẹsẹ̀ rẹ̀ fi kọ̀. Mo bú bàbá mi lọ́jọ́ náà. Ó ti kú tipẹ́, mo sì bú u lóhùn rara, mo pè é ní òṣìkà, mo bi í pé kí ni ọmọ ọdún mẹ́fà ṣe fún un. Ifábùnmi sáré wá láti ilé rẹ̀ wá wò mí.

ÌPÍN KẸFÀ. Ẹ̀rọ tó ń gé koríko, àpótí irinṣẹ́ mi àti àkàbà ni mo fi fún Bíyìí, ọkọ Joanna. Mo mọ̀ pé kò mọ̀ ọ́n lò. Kí ó kọ́ ọ.

ÌPÍN KEJE. Ó tó gẹ́ẹ́. Kò sí ibi tí mo tún lè sá sí.

Joanna, ọmọ ọdún méjì ni ọ́ nígbà tí mo gbé ọ lọ fún ẹ̀gbọ́n mi obìnrin ní Mọ́kọ́lá, Ìbàdàn. Iṣẹ́ méjì méjì ni èmi àti ìyá rẹ ń ṣe. Ìyá rẹ kò fẹ́. Èmi ni mo ní ibẹ̀ ló dára jù, nítorí pé ẹ̀gbọ́n mi yìí ló ń sùn tì mí nígbà tí mo dé láti Norfolk tí mò ń sunkún ní Gẹ̀ẹ́sì. Kò rọ́mọ bí. Ó fi ọ́ ṣe ọmọ, o sì ń pè é ní Màmá Mọ́kọ́lá. Nígbà tí o pé ọdún mẹ́wàá, mo wá mú ọ. Ó ti lọ síléèwé tó ti ń kọ́ni. Mo mọ̀ pé kò ní sí nílé, ìdí tí mo fi yan ọjọ́ náà nìyẹn. Mo ní kí o wọ bàtà.

O sunkún dé Atlanta, o sì sunkún fún ọdún kan gbáko. O kò jẹun. Ẹ̀gbọ́n mi ń pè lójoojúmọ́, mo yí nọ́ńbà padà, mo sì ránṣẹ́ sí i pé o ti gbàgbé rẹ̀. Lọ́jọ́ kan mo jókòó sétí ibùsùn rẹ, mo sọ fún ọ pé Màmá Mọ́kọ́lá ti kú. O dákẹ́. Mo rò pé mo ti tún un ṣe.

Irọ́ ni mo pa, ọmọ mi. Ìyá rẹ mọ̀. Ó wà lára ohun tó lé e kúrò nílé mi lọ sí Dacula. Kò tú u fún ọ, nítorí ó ń bẹ̀rù kí ó má pàdánù rẹ bí èmi náà ti ń bẹ̀rù. Nígbà tí mo ń bú bàbá mi lórí lẹ́tà àgbẹ̀ yẹn, àárín èébú ni mo dé tí mo gbọ́ pé ara mi ni mò ń bú. Wọ́n ní bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òtítọ́ yóò lé e bá. Tèmi ti pé mẹ́tàlélógún.

Lọ́jọ́ Àìkú tó kọjá, o pè mí. O ní wọ́n ti rí i pé obìnrin lo lóyún rẹ̀, pé Yétúndé ni ẹ ó sọ ọ́, nítorí Màmá Mọ́kọ́lá, kí ìyá tó lọ lè padà wá. O ní kí n sọ orúkọ rẹ̀ gan-an fún ọ, pé o kò mọ̀ ọ́n rí. Mo ní nǹkan ń jóná lórí sítóòfù mi. N kò gbé nǹkan kan kaná. Mo pe ìyá rẹ, ó ní èmi tí mo pa ènìyàn láìkú ni kí n jí i dìde.

A kì í sọ ọmọ ní Yétúndé fún ẹni tó wà láyé. Má ṣe é.

Ẹ̀yìn ikú ni wọ́n máa ń ka ìwé ìhágún. Bí mo bá jẹ́ kí èyí dúró dìgbà náà, ẹ̀gbọ́n mi tó ti pé ẹni ọdún méjìdínlọ́gọ́rin lè ti lọ ní tòótọ́. Nítorí náà, mo pàṣẹ pé kí Lọ́yà Ọlágúnjú gbé ìwé yìí lọ sí Smyrna lónìí olónìí, kí ó fi lé Joanna lọ́wọ́ nígbà tí mo ṣì wà láyé. Lọ́yà ní òfin kò mọ irú rẹ̀. Mo ní òfin kọ́ ló bí Joanna. Bí o kò bá tún fẹ́ gbọ́ ohùn mi lẹ́yìn èyí, n kò ní bi ọ́ léèrè ìdí. Yóò dùn mí gan-an ni, ṣùgbọ́n mo yẹ fún un.

Orúkọ rẹ̀ ni Oyèrónkẹ́ Àbẹ̀kẹ́ Adébọ̀wálé. Ilé Mọ́kọ́lá náà ló ṣì ń gbé. Ìyá rẹ ló bá mi wá nọ́ńbà rẹ̀, mo ti kọ ọ́ sẹ́yìn ìwé yìí. Láàárọ̀ yìí mo pè é, kí n lè mọ̀ bóyá nọ́ńbà náà dára. Òun fúnra rẹ̀ ló gbé e. Ó ní háló, ó tún ní háló. N kò lè lanu. Ó wá béèrè bóyá Joanna ni.

Mo fọwọ́ sí i ní Lawrenceville, ní ọjọ́ kẹrìnlá oṣù kẹwàá, ọdún 2025.

Nathaniel Oyèkànmí Bámgbóyè

Níṣojú àwa ẹlẹ́rìí méjì, tí a kò ní ogún kankan nínú rẹ̀:

Hajarah Shittu, nọ́ọ̀sì, Lawrenceville
Ilyas Òkìkí, akọ̀wé lọ́yà, Dacula