Olùkọ́ Tó Kọ̀ Láti Jẹ Ọmọ Ogun: Ìtàn Ìgbésí Ayé Olóògbé Pa Zachariah Ọlálẹ́yẹ Akínlọ́lá (1951–2025)

Àdúgbò Ìwàrò ní Ọ̀kà-Àkókó ni wọ́n ti bí Olóògbé Pa Zachariah Ọlálẹ́yẹ Akínlọ́lá ní ọjọ́ kẹrìnlá oṣù kẹta ọdún 1951. Pa Israel Akínlọ́lá, àgbẹ̀ oníkòkó, ni bàbá wọn. Madam Ìbíyínká, ọmọ Etioro, ni ìyá wọn. Àwọn tó mọ Bàbá ní kékeré sọ pé ọmọ tí ọkàn rẹ̀ kì í balẹ̀ ni wọ́n. Bí òjò bá ṣú, wọn á ti kó aṣọ gbogbo agbo ilé wọlé kí ẹ̀kán àkọ́kọ́ tó bọ́.

Ní 1958 ni Bàbá bẹ̀rẹ̀ ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ní Ọ̀kà. Wọ́n gba ìwé ẹ̀rí olùkọ́ ní 1972, wọ́n sì tẹ̀ síwájú láti kọ́ ìmọ̀ ìṣirò. Láti 1976 títí wọ́n fi fẹ̀yìn tì ní 2011, ìṣirò ni wọ́n kọ́ àwọn ọmọ ní Ugbe, ní Ìkàrẹ́ àti ní Ọ̀kà.

Ní 1979, wọ́n gbé Florence, ọmọ Ògbàgì, níyàwó. Aago mẹ́fà àárọ̀ ni ọkọ ìyàwó ti jókòó sí ṣọ́ọ̀ṣì fún ìsìn aago mẹ́wàá. Ọlọ́run fi ọmọ mẹ́ta jíǹkí wọn: Caleb, Peace àti Dáramọ́lá. Bàbá ṣe akọ̀wé ìjọ fún ọdún méjìdínlógún, wọ́n sì tún jẹ́ akọ̀wé ìgbìmọ̀ tó ń bójú tó omi ẹ̀rọ àdúgbò. Wọn kò pa ìpàdé kan jẹ rí.

Ẹ̀rù tó tóbi jù lọ ní ayé Bàbá bẹ̀rẹ̀ ní 1999, nígbà tí ìgbàgbé kọ lu Pa Israel. Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, Bàbá gbé iṣu lọ fún wọn. Pa Israel wo àkọ́bí wọn lójú, wọ́n béèrè pé, “Ọmọ ta ni ọ́?” Ọdún mẹ́ta lẹ́yìn náà ni wọ́n kú, wọn kò sì mọ ẹnì kankan mọ́ nínú ilé. Láti ìgbà náà ni Bàbá ti ń ṣọ́ orí ara wọn bí ẹni ń ṣọ́ olè. Bí wọ́n bá gbàgbé ibi tí wọ́n fi gíláàsì ojú sí, oúnjẹ ọjọ́ náà kò ní lọ lọ́nà ọ̀fun wọn.

Ní 2022, ọ̀rẹ́ wọn, Alhaji Badmus, oníṣòwò pákó ní Ìkàrẹ́ tó ti ṣiṣẹ́ ní Kàdúná rí, kọ́ Bàbá ní ayò ṣẹ́ẹ̀sì. Bàbá gbà pé eré náà ni wọn yóò fi máa wọn ọpọlọ wọn wò. Gbogbo ọjọ́ Ìṣẹ́gun ni wọ́n ń wọ ọkọ̀ láti Ọ̀kà lọ sí Ìkàrẹ́. Àṣà tí àwọn méjèèjì fi lélẹ̀ ni pé onílé ló ń ṣí eré, àlejò ló ń dáhùn. Bàbá ni àlejò, nítorí náà dúdú ni tiwọn nígbà gbogbo. Ọ̀nà kan ṣoṣo ni Alhaji sì ń gbà ṣí eré: wọ́n á ti ọmọ ogun, ọmọ ayò tó kéré jù, tó wà níwájú ayaba síwájú ní ojú ilé méjì.

Bàbá á ti ọmọ ogun iwájú ayaba tiwọn náà wá pàdé rẹ̀. Alhaji á wá gbé ọmọ ogun kejì sí ẹ̀gbẹ́ ti àkọ́kọ́, bí ìgbà tí a gbé ẹran síwájú àlejò. Bàbá á jẹ ẹ́. Wàhálà bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Bàbá á fi ọmọ ogun mìíràn ṣọ́ èyí tó jẹun, Alhaji á já ẹ̀ṣọ́ náà, títí ayaba funfun á fi jáde, tí yóò máa wo ọmọ ayò Bàbá tí wọ́n ń pè ní ilé ìṣọ́ nínú igun, láìsí ohun tó dí i lójú, yóò sì jẹ ẹ́. Ọ̀sẹ̀ mọ́kànlélógún léraléra ni Bàbá fi pàdánù bákan náà.

Wọ́n ń kọ gbogbo rẹ̀ sínú ìwé, wọ́n sì ń kà á nínú ọkọ̀, síbẹ̀ kòtò kan náà ni wọ́n ń jìn sí. Lójú Bàbá, ọ̀rọ̀ ti bẹ́yìn yọ: olùkọ́ ìṣirò tí kò rántí ohun tó gbé e ṣubú lọ́sẹ̀ tó kọjá, àìsàn Pa Israel ti dé nìyẹn. Ní oṣù kẹwàá 2022, Mama Florence rí bébà kan nínú àpò aṣọ wọn. Orúkọ Bàbá ló wà níbẹ̀, àdúgbò wọn, nọ́ńbà fóònù Caleb, àti ọ̀rọ̀ yìí: “Ẹ jọ̀ọ́, bí ẹ bá rí mi, ẹ mú mi lọ sílé.” Mama sọkún. Peace bẹ̀ wọ́n pé kí dókítà yẹ̀ wọ́n wò. Wọ́n kọ̀ jálẹ̀, nítorí ohun tí dókítà lè sọ gan-an ni wọ́n ń sá fún.

Ní oṣù kejì 2023, Bàbá sọ fún Alhaji pé àwọn wá dágbére fún eré ni, orí àwọn ti ń kú lọ.

“Tíṣà,” ni Alhaji wí, “ìwọ tó o mọ orúkọ ìyá ìyá mi? Kí ló dé tó o fi ń jẹ ọmọ yẹn lójoojúmọ́?”

Bàbá ní dandan kọ́ ni?

“Ta ló sọ bẹ́ẹ̀? Ṣé dráfù la ń ta ni?”

Ibẹ̀ ni gbogbo rẹ̀ ti yé wọn. Ogójì ọdún ni Bàbá fi ta dráfù ní Ọ̀kà, níbi tó jẹ́ pé ẹni tó bá rí ọmọ láti jẹ tí kò jẹ ẹ́, wọ́n á yọ tirẹ̀ dànù. Ó ti wọ̀ wọ́n lára débi pé wọn kò béèrè rí bóyá òfin ṣẹ́ẹ̀sì náà ni. Orí wọn kò gbàgbé nǹkan kan; ohun tó ti mọ̀ látijọ́ ló rántí jù.

Alhaji rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú wọn, lẹ́yìn náà wọ́n fi ọwọ́ ara wọn kọ́ Bàbá ní ohun tí yóò bá àwọn fúnra wọn jà. Kí Bàbá fi ọmọ tí wọ́n gbé wá sílẹ̀. Kí wọ́n ti ọmọ ogun iwájú bíṣọ́ọ̀bù tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ayaba síwájú ní ojú ilé kan péré, kó dúró ti ọmọ ogun àárín lẹ́yìn. Bí funfun bá jẹ ti àárín, èyí tó dúró tì í á gbapò rẹ̀. Nígbà tí ti iwájú ọba kò sì tíì mira, ọ̀nà ṣí sílẹ̀ fún bíṣọ́ọ̀bù láti jáde. Slav ni àwọn tó mọ̀ ọ́n ń pè é. “Má jẹ ẹ́” ni Bàbá ń pè é. Ọ̀mì ni wọ́n ta lọ́jọ́ náà. Ní oṣù kẹfà, Bàbá borí.

Ẹ̀rù náà kò lọ, kò tilẹ̀ dín dé ìdajì. Bí wọ́n bá ṣi orúkọ ọmọ ìjọ kan pè, ọjọ́ náà ti bàjẹ́ mọ́ wọn lọ́wọ́. Ní oṣù kẹsàn-án 2025, àìsàn ọkàn gbé wọn dé ilé ìwòsàn.

Ní àárọ̀ ọjọ́ kọkàndínlógún, Bàbá ní kí gbogbo ènìyàn dákẹ́. Wọ́n wo Mama, wọ́n ní Florence. Wọ́n pe Caleb, Peace àti Dáramọ́lá bí wọ́n ṣe bí wọn tẹ̀lé ara wọn. Wọ́n ka ọmọ-ọmọ mẹ́fà láìfo ẹyọ kan. Lẹ́yìn náà wọ́n dúró, ẹ̀rù sì hàn lójú wọn. Kò sẹ́ni tó ràn wọ́n lọ́wọ́, nítorí gbogbo ilé mọ̀ pé orúkọ ọmọ-ọmọ keje ni wọ́n ń wá. Ó pẹ́ díẹ̀. Wọ́n ní Abdulqoyum, ọmọ tí Peace bí fún ọkọ rẹ̀ ní Ìkàrẹ́, ọmọ oṣù mẹ́rin tí Bàbá kò tíì rí rí àyàfi nínú fóònù. Aago méjì ọ̀sán ni wọ́n jáde láyé.

Àwọn tí Bàbá dárúkọ wọ̀nyí ni wọ́n fi sílẹ̀ sáyé lọ.

Ẹ sùn re o, Bàbá. Ẹ mọ gbogbo wa títí dé òpin.