Omi Àwọn Àlejò Màmá Àmùró

Ẹ kú ilé o, ìyá mi. Mo kúnlẹ̀ kí yín, mo kí bàbá mi lórí ìjókòó, mo kí àbúrò mi Bọ̀dé àti gbogbo ará ilé wa ní Kàbà. Ara mi le. Òjò ìhín kì í dá bọ̀rọ̀, aṣọ kì í gbẹ, n kò sì rí ẹni tí yóò kí mi ní “okun”, bí a ti ń kí ara wa nílé, láti àárọ̀ dalẹ́. Ìdí nìyẹn tí inú mi fi dùn nígbà tí wọ́n gbé obìnrin ará Àmùró kan, ọmọ ilẹ̀ Okun bíi tiwa, wá sí ilé ìwòsàn alárùn ọpọlọ tí mo ti ń ṣiṣẹ́. Màmá Àmùró ni mo ń pè é.

Ẹ bi mí léèrè iṣẹ́ tí mo ń ṣe gan-an. Láàárọ̀, kí aláìsàn tó fẹnu kan nǹkan, a ó gbé e sórí òṣùwọ̀n. Nírọ̀lẹ́, a ó tún gbé e sí i. Ẹni tó bá wúwo ju bó ti yẹ lọ, omi ló ń mu ní kọ̀rọ̀. Ẹ máa ń sọ pé omi kò lọ́tàá. Èmi náà gbà bẹ́ẹ̀ títí mo fi rí ọkùnrin kan tó mu omi títí gìrì fi gbé e, tí kò sì jí mọ́.

Màmá Àmùró ń wúwo lójoojúmọ́. A ti ilé ìwẹ̀, a kó ife kúrò nílẹ̀, síbẹ̀ ó ń rí omi mu, àní omi òjò tó ń kán láti orí páànù. Dókítà òyìnbó ní bó bá ń bá a lọ bẹ́ẹ̀, yóò kú. Ẹ̀rù bà mí, torí ó ti di ìyá fún mi. Mo bi í bóyá òùngbẹ ló ń gbẹ ẹ́. Ó ní rárá o, àlejò ló ń wá bá òun. Wọ́n pọ̀ lẹ́nu ọ̀nà, wọ́n ti ọ̀nà jíjìn wá, òun kò sì lè bi wọ́n léèrè ohun tí wọ́n bá wá láìkọ́kọ́ fún wọn lómi. Ẹ sì mọ̀ pé onílé ló ń tọ́ omi wò kí àlejò tó gbà á. Omi ìtọ́wò yẹn ló fẹ́ pa á.

Ọ̀rọ̀ yìí kò lè yé dókítà, ṣùgbọ́n ọmọ Kàbà ni mí. Mo kúnlẹ̀, mo sọ fún un lédè wa pé níbi tí ọmọ bá wà, àgbà kì í dìde bu omi fún àlejò. Kí ó jókòó, èmi ni n ó máa fún wọn. Ó wá yíjú sí ẹnu ọ̀nà tó ṣófo, ó sì nawọ́ sí mi, ó fi mí hàn wọ́n.

Láti ọjọ́ náà, kò mu ju bí ẹlòmíràn ti ń mu lọ. Àwọn ọmọ rẹ̀ ti wá mú un lọ sílé, tẹ̀rín-tẹ̀rín ló lọ. Gbogbo ilé ìwòsàn ló yìn mí.

Ìyá mi, òùngbẹ kì í gbẹ mí. Síbẹ̀ mo máa ń ṣàdédé bá ife lọ́wọ́ ara mi, tí mo dojú kọ ẹnu ọ̀nà. Lánàá, mo gun òṣùwọ̀n láàárọ̀, mo tún gùn ún nírọ̀lẹ́. Mo ti wúwo sí i, ẹ̀rù sì ń bà mí gidigidi. Mo ti gbàyè, mò ń bọ̀ wálé. Bí mo bá dé, ẹ jọ̀wọ́, ẹ má gbé omi pàdé mi. Ẹ kọ́kọ́ wo ẹ̀yìn mi, bóyá èmi nìkan ni mo dé.

Ẹ bá mi kí tọmọdé tàgbà àdúgbò. Kí Ọlọ́run dá yín sí fún wa, kí ó sì bá wa ṣọ́ ẹnu ọ̀nà yín.

Èmi ni ọmọ yín,
Fúnmiláyọ̀