Nọ́ńbà Tuntun Nínú Ẹ̀rọ Íńtánẹ́ẹ̀tì Màmá

Màmá mi,

Ẹ kú ilé o, ẹ kú wàhálà ọjọ́rú. Mo ṣì ń rẹ́rìn-ín. Nígbà tí mo ń tọ́ yín sọ́nà lórí fóònù lánàá láti tún ẹ̀rọ íńtánẹ́ẹ̀tì yín ṣe, ó béèrè orúkọ, ẹ tẹ “Àlàájà Ṣùkúrátù” sí i! Orúkọ tí wọ́n lẹ̀ mọ́ ẹ̀yìn ẹ̀rọ ló ń béèrè.

Ẹ ní kí n ṣàlàyé nọ́ńbà DNS tí a yí padà, èyí tó ń sọ fún ẹ̀rọ yín ẹni tí yóò máa júwe ọ̀nà fún un lórí íńtánẹ́ẹ̀tì. Ẹ wo bàbá tó ń ṣọ́ géètì àdúgbò yín ní Ire-Akari: àlejò á dárúkọ onílé, bàbá á júwe ilé. Ẹni tó ń júwe ilé fún ẹ̀rọ yín tẹ́lẹ̀ ló ń sùn lẹ́nu iṣẹ́. A ti fi ẹlòmíràn rọ́pò rẹ̀, Wasáàpù sì ń ṣí wàràwàrà.

Ẹ tún béèrè bóyá wọn ò retí mi níbi iṣẹ́, tí mo fi bá yín wà lórí fóònù fún wákàtí mẹ́ta. Wọ́n ní ká sinmi díẹ̀ nílé ni, wọn ò tíì sọ ọjọ́ tí wọn yóò pè wá padà. Òtútù ìlú òyìnbó ò mú mi, mo sì ń jẹun.

Mo ti ń rí yín kedere báyìí tí ẹ bá pè mí lórí fídíò, títí dé eyín wúrà yín. Ẹ bá mi kí Àjíbíkẹ́ àbúrò mi. Tí ẹ ò bá rí ojú tèmi, ẹ̀rọ yín kọ́ o, èmi ni mo pa kámẹ́rà mi. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má tún yí nọ́ńbà kankan padà.

Ọmọ yín,
Abdulwasiu