Ọwọ́ Tí Mo Gé Kúrò Nínú Fídíò

Ẹ̀gbọ́n mi àtàtà,

Ẹ kú iṣẹ́, ẹ kú àìfararọ. Ẹ bá mi kí ọkọ yín. Ara ìyá wa ti ń yá. Wọ́n ní oògùn orúnkún tẹ́ ẹ fi ránṣẹ́ ti ń jẹ́.

Lóṣù tó kọjá, mo kọ̀wé pé ọ̀lẹ lọmọ yín tó wà lọ́dọ̀ mi, pé kì í wo fídíò ẹ̀kọ́ tí à ń ṣe fáwọn ọmọ tó jẹ́ adití bíi tiẹ̀. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fa ìwé yẹn ya. Lánàá ni mo rí i tó dorí kodò, tó ń yọjú wo abẹ́ fóònù. Ọwọ́ olùkọ́ ló ń wá. Èmi tí mo to fídíò náà ni mo gé àwòrán olùkọ́ náà, obìnrin tó ń fọwọ́ sọ̀rọ̀, níbi àyà, ojú rẹ̀ nìkan ló kù. Etí ni mo fi ń yẹ iṣẹ́ wò. Bí ohùn bá ti ń jáde ketekete, ó parí lójú tèmi.

Ojú ń tì mí. Mo ti ń tún gbogbo wọn ṣe.

Ọlọ́run á jẹ́ ká fojú kanra láyọ̀. Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi hàn mí bí wọ́n ṣe ń fọwọ́ sọ pé "má bínú". Ọdún kejì rèé tó ti ń gbé lọ́dọ̀ mi, mi ò mọ̀ ọ́n.

Àbúrò yín